Òkè Lẹ Rí, Ẹ Ò Wo Ìsàlẹ̀: Lórí Láptọ́ọ̀pù Tí Wọ́n Ní Ó Ti Kú

Gbólóhùn kan ti ń jẹ mí lọ́kàn láti bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan: "Láptọ́ọ̀pù yìí ti gbó, ẹ lọ ra òmíràn." Àwọn tó ń ta kọ̀ǹpútà ń sọ ọ́, àwọn tó ń tún un ṣe ń sọ ọ́, àwọn tó ni ín pàápàá ti gbà fún wọn. Láti ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ọdún 2025 tí Microsoft ti ṣíwọ́ lórí Windows 10, ọ̀rọ̀ náà tún le sí i, torí wọ́n ti rí ọjọ́ ikú kan tọ́ka sí. Èyí tó ń ká mi lára jù ni pé ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀rọ tí wọ́n ń dá ẹjọ́ fún yìí, kò sẹ́ni tó yẹ̀ wọ́n wò kí ẹjọ́ tó délẹ̀. Ó ń falẹ̀, ó ń háǹgì, ó ń pẹ́ kó tó tàn. Ó parí.

Wọ́n ní, "Amúkùn-ún, ẹrù rẹ wọ́." Ó ní òkè lẹ rí, ẹ ò wo ìsàlẹ̀. Ìsàlẹ̀ yẹn ni mo fẹ́ ká jọ wò, pàápàá lára irú láptọ́ọ̀pù tó pọ̀ lọ́wọ́ wa: tòkunbọ̀ tí wọ́n ti lò ní ọ́fíìsì rí, bíi HP EliteBook 840 G1 àti G3, Dell Latitude E6430 àti E6440, Lenovo ThinkPad T430 àti T440. Àwọn tó ṣe wọ́n mọ̀ pé wọ́n á tú wọn lọ́jọ́ kan, wọ́n sì fi àyè sílẹ̀ fún un.

Ìṣẹ́jú márùn-ún tó ń yí ẹjọ́ padà

Ẹ tan ẹ̀rọ náà, ẹ jẹ́ kó wọlé tán, ẹ má ṣí ohunkóhun. Ẹ tẹ Ctrl àti Shift mọ́lẹ̀, kí ẹ wá tẹ Esc mọ́ ọn. Task Manager á jáde. Bó bá jẹ́ àpótí kékeré ló jáde, ẹ tẹ "More details" nísàlẹ̀ rẹ̀, lẹ́yìn náà kí ẹ lọ sí "Performance". Lápá òsì, ẹ ó rí CPU (ọpọlọ ẹ̀rọ), Memory (RAM, ibi tí ó ń kó iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sí), Disk (ibi tí fáìlì ń gbé) àti Wi-Fi, pẹ̀lú bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe ń ṣiṣẹ́ tó. Ẹ jókòó tì í fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Ẹ má fọwọ́ kan nǹkan kan.

Lára ẹ̀rọ tí wọ́n ní ó ti gbó, ohun tí ẹ ó rí kì í sábà yàtọ̀ síra. CPU wà ní 5% tàbí 8%. Memory wà ní ìdajì tàbí kó ju bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀. Disk dúró sórí 100%, kò sì sọ̀ kalẹ̀. Ẹ tẹ Disk yẹn, kí ẹ wo ibi tí wọ́n kọ "Average response time" sí. Nọ́ńbà tó wà níbẹ̀ ń sọ iye àkókò tí dísìkì fi ń dá ìbéèrè kan lóhùn, ní ìdá ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú-àáyá kan, tí wọ́n ń kọ ní ms. Lára SSD tó dá ṣáṣá, ìyẹn dísìkì ìgbàlódé tí kò sí ohun tó ń yí nínú rẹ̀, kì í sábà ju 1 tàbí 2 lọ. Lára háàdì dísìkì tó ń jìyà, ẹ ó rí 300, ẹ ó rí 800, nígbà mìíràn ẹ ó rí 3,000. Ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ta gbáko nìyẹn, tí odindi ẹ̀rọ fi káwọ́ gbera de èsì ìbéèrè kan ṣoṣo.

Ibẹ̀ gan-an ni ẹjọ́ ti ń yí. CPU tí wọ́n ní ó ti darúgbó ń sinmi ni. RAM ṣì ní àyè. Ẹ̀yà kan ló dá gbogbo àwọn yòókù dúró. Ẹ wo bùkátéríà lọ́sàn-án: àmàlà ti jinná, ọbẹ̀ ń hó, obìnrin mẹ́rin ló ń bù ú, àmọ́ ẹnì kan péré ló ń fọ abọ́. Èrò á tò dé títì. Ẹni tó bá wo èrò nìkan á ní kí olóúnjẹ lọ kọ́ ilé ìdáná tuntun, bẹ́ẹ̀ abọ́ ni wọ́n ń dúró dè.

Ìdí tí háàdì dísìkì fi ń di ẹni tó ń fọ abọ́ yẹn kò le láti ṣírò. Àwo rìbìtì kan ló ń yí nínú rẹ̀, orí kékeré kan sì ń sáré káàkiri ojú àwo náà láti ka ohun tó wà níbẹ̀. Èyí tó wọ́pọ̀ nínú láptọ́ọ̀pù ń yí ní ìgbà 5,400 láàárín ìṣẹ́jú kan, ìyẹn ni pé yíyí kan ń gba bíi ms 11. Orí náà ń lo bíi ms 12 kó tó dé ojú ìlà tó yẹ, á tún wá dúró, ní ìpíndọ́gba, fún ìdajì yíyí kan kí ohun tó ń wá tó yí dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ẹ ro ó pọ̀: bíi ms 17 tàbí 18 fún ìbéèrè kan. Háàdì tí ara rẹ̀ le koko, tí kò ní àrùn kankan, kò lè dáhùn ju bíi ìbéèrè kéékèèké 60 lọ ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Windows tó ń tàn lọ́wọ́ sì ń béèrè ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún. SSD kò ní àwo, kò ní orí tó ń sáré. Ó ń dáhùn ju 5,000 lọ dáadáa láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan náà.

Iná wa tún dá kún un. Bátìrì ọ̀pọ̀ tòkunbọ̀ ti kú, wáyà ni wọ́n fi ń gbé e ṣiṣẹ́. Bí NEPA bá mú iná lọ nígbà tí orí yẹn ń kọ nǹkan lọ́wọ́, ohun tó ń kọ á já sáàárín. Bó bá ti ṣẹlẹ̀ léraléra, ètò fáìlì á dà rú, ojú ibòmíràn lórí àwo náà lè di èyí tí kò ṣe é kà mọ́. Nígbà tí dísìkì bá dé irú ojú ibẹ̀, kò ní kọjá. Á máa tún un kà, á máa tún un kà. Ọ̀pọ̀ ìgbà, ibẹ̀ ni 3,000 yẹn ti ń wá. Nítorí náà, bátìrì tó lè gbé ẹ̀rọ fún ogún ìṣẹ́jú péré wúlò ju bí àwọn èèyàn ṣe rò lọ. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti fún yín láàyè kí ẹ pa ẹ̀rọ bó ṣe yẹ.

Láti mọ̀ bóyá dísìkì kàn falẹ̀ ni tàbí ó ń kú lọ, ẹ lo ètò CrystalDiskInfo, ọ̀fẹ́ ni. Bó bá kọ "Caution" ní àwọ̀ ìyeyè, ẹ wo ìlà tí wọ́n pè ní 05, C5 àti C6, tó ń ka ojú ibi tó ti bàjẹ́ tàbí tí kò ṣe é kà lórí dísìkì. Òdo ló yẹ kó wà níwájú wọn lábẹ́ "Raw Values". Ẹ rántí pé ìṣirò hẹ́sà, tó ń fi mẹ́rìndínlógún kà dípò mẹ́wàá, ni ètò náà fi ń kọ nọ́ńbà bí ẹ kò bá yí i padà, nítorí náà 10 tí ẹ bá rí níbẹ̀, 16 ni. Bí C5 bá ń gòkè láti ọjọ́ kan sí ìkejì, ẹ dáwọ́ gbogbo nǹkan dúró, kí ẹ kọ́kọ́ kó fáìlì yín sórí dísìkì mìíràn. Ẹ má sáré ṣe chkdsk /r. Gbogbo ojú àwo náà ni àṣẹ yẹn ń kà láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, dísìkì tó ń mí gúlegúle lè kú sórí rẹ̀ kí ẹ tó kó ẹrù yín jáde.

Fọ́máàtì tó ń tànni jẹ

Oògùn tí wọ́n mọ̀ jù ní ìgboro ni "ẹ jẹ́ ká fọ́máàtì ẹ̀." Ó sì máa ń dà bíi pé ó jẹ́. Ẹ̀rọ á gbé kọ́ńkọ́ fún ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì, lẹ́yìn náà á padà sí ìwà rẹ̀ àtijọ́, ẹni tó ni ín á sì gbà pé ẹ̀rọ náà ti gbó lóòótọ́, níwọ̀n ìgbà tí fọ́máàtì kò ràn án.

Kò sí idán níbẹ̀. Windows tuntun kò tíì ní ohun púpọ̀ tó ń ṣe lábẹ́lẹ̀. Kò tíì sí ètò ogún tó ń fẹ́ bá a tàn pọ̀ láàárọ̀. Fáìlì rẹ̀ tò síbi kan náà lórí àwo, orí kò ní láti sáré jìnnà. Díẹ̀díẹ̀, Windows Update á bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé, ètò tó ń kọ orúkọ gbogbo fáìlì sílẹ̀ fún ìwákiri á bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, Defender, ètò ààbò Windows, á máa yẹ fáìlì wò, gbogbo wọn á tò sẹ́nu ọ̀nà dísìkì kan náà tó ń dáhùn 60. Fọ́máàtì dín iye ìbéèrè kù fún ìgbà díẹ̀, kò fi agbára kankan kún ẹni tó ń dáhùn. Mi ò ní kí ẹ má fọ́máàtì láéláé o. Kòkòrò kọ̀ǹpútà wà, Windows tó bàjẹ́ wà. Ṣùgbọ́n bí Disk bá dúró sórí 100% tí CPU sì ń sùn, owó fọ́máàtì yẹn, ẹ fi kún owó SSD.

Pípààrọ̀ dísìkì

Èyí tí púpọ̀ nínú àwọn ẹ̀rọ tí mo dárúkọ ń lò ni SSD oníṣátà (SATA), ìwọ̀n ínṣì 2.5. Ẹ ra èyí tí nínípọn rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 7, torí ThinkPad T440 kò gba èyí tó ju bẹ́ẹ̀ lọ. Níbi tó bá ti jẹ́ 9.5 ni àyè náà, páálí tó mọ níwọ̀n lè dí ìyókù. 256GB tó fún ọ̀pọ̀ èèyàn. Bí ẹ̀rọ yín bá ní àyè M.2, ìyẹn àyè fún SSD tóóró pẹlẹbẹ, ẹ ṣọ́ra: M.2 SATA àti M.2 NVMe jọra bí ìbejì, àyè tí SATA nìkan ló mọ̀ kò sì ní rí NVMe rárá. Ẹ ka ìwé ìlànà ẹ̀rọ náà kí ẹ tó sanwó, ẹ má gba "ó máa wọ̀ ọ́" gbọ́. Ó lè wọ̀ ọ́ lóòótọ́. Kò kàn ní ṣiṣẹ́ ni.

Ayédèrú pọ̀ lọ́jà. SSD "2TB" tí owó rẹ̀ kò tó ti 256GB tí orúkọ rẹ̀ mọ́, fíláàṣì kékeré kan ló sábà máa ń wà nínú rẹ̀, tí wọ́n ti kọ́ láti purọ́ iye ara rẹ̀. Tí ẹ bá kó fáìlì kọjá iye tó ní gan-an, á máa kọ tuntun lé ti tẹ́lẹ̀ lórí láìsọ fún yín. Ètò tó ń jẹ́ H2testw ló ń tú u fó: á kọ nǹkan kún un dé góńgó, á sì tún un kà padà bóyá ó pé. Ẹ ṣe é kí ọjọ́ dídá padà tó kọjá, kí ẹ sì ṣe é kí ẹ tó kó fáìlì kankan sí i. CrystalDiskInfo tún ń fi "Power On Hours" hàn. Èyí tí wọ́n ní tuntun ni, tó ti ṣiṣẹ́ wákàtí ẹgbẹ̀rún mélòó kan, ẹ mọ ohun tó jẹ́.

Kí ẹ tó tú ẹ̀rọ, ẹ pa á pátápátá. Windows 10 kì í sábà kú tán bí ẹ bá kàn tẹ "Shut down". Ẹ tẹ Shift mọ́lẹ̀ kí ẹ tó tẹ ẹ. Ẹ yọ ṣájà, ẹ yọ bátìrì. Ti E6430 àti E6440 ń yọ láti ìta. Ìdérí ìsàlẹ̀ 840 G1 ń ṣí láìlo sukudíráfà rárá, ẹ kàn tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́ ni. Ẹ fọwọ́ kan irin kí iná ara yín lè lọ. Háàdì dísìkì ń jókòó sínú férémù irin tàbí rọ́bà; ẹ má ju férémù yẹn nù, òun ló máa gbé SSD náà dúró. Ẹ tì í wọlé gbọọrọ, ẹ má gbé e sókè. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ẹnu tí SSD ń bọ́ sí lórí bọ́ọ̀dù, tí ẹ bá ṣẹ́ ẹ, ọ̀rọ̀ di ti ẹni tó ń jó irin.

Ṣé kí á da ohun tó wà lórí háàdì kọ bó ṣe wà, àbí kí á fi Windows tuntun sí i? Ètò Clonezilla lè dà á kọ lọ́fẹ̀ẹ́, ṣùgbọ́n ó fẹ́ kí dísìkì tuntun má kéré sí ti àtijọ́. Bí ẹ bá ń lọ láti 500GB sí 256GB, ẹ ó kọ́kọ́ fún àwọn apá inú rẹ̀ pọ̀, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Bí háàdì bá sì ti ní àrùn, àrùn fáìlì á bá a lọ. Èmi fara mọ́ fífi tuntun sí i. Fíláàṣì 8GB tó. Fáìlì Windows ju 4GB lọ, ẹ fi dátà òru tàbí Wi-Fi ibi iṣẹ́ gbà á. HP, ẹ tẹ F9 bó bá ń tàn kí ẹ lè yan fíláàṣì. Dell àti ThinkPad, F12. Bó bá béèrè nọ́ńbà Windows, ẹ yan "I don't have a product key", kí ẹ sì yan irú èyí tó wà lórí rẹ̀ tẹ́lẹ̀, Home tàbí Pro. Orí bọ́ọ̀dù ni wọ́n so ìwé àṣẹ mọ́, kì í ṣe orí dísìkì. Bó bá ti rí íntánẹ́ẹ̀tì, á dá ara rẹ̀ mọ̀. Ẹni tó bá ní kí ẹ san owó "activation" lẹ́yìn pípààrọ̀ dísìkì nìkan, ẹ bi í léèrè ohun tó fẹ́ fi ṣe.

Háàdì àtijọ́ tí kò ní àrùn ṣì wúlò. E6430 ní ẹ̀rọ DVD tí kò sẹ́ni tó ń lò ó mọ́. Wọ́n ń ta férémù kan tó ń wọ àyè DVD náà tó sì ń gbé háàdì dání. Ẹ wọn nínípọn rẹ̀ kí ẹ tó rà á, 9.5 wà, 12.7 wà. SSD ni kí ẹ fi sí àyè gidi, kí háàdì lọ sí ti DVD fún fọ́tò àti fídíò.

Bí dísìkì kò bá jẹ̀bi

Nígbà mìíràn Task Manager á sọ ìtàn mìíràn. Bí Memory bá wà ní 90% kí ẹ tó ṣí Chrome pàápàá, RAM ló kéré. Ojú ìwé Memory ń sọ "Slots used": bó bá kọ 1 of 2, àyè kan ṣófo, ẹ fi 4GB mìíràn kún un. Lẹ́tà kan ni kí ẹ ṣọ́. 840 G1 àti T440 ń lo irú RAM tó ń jẹ́ DDR3L, tí ìwé ara rẹ̀ kọ PC3L. Èyí tó kọ PC3 láìsí L ń béèrè fóltì 1.5 dípò 1.35, ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ kò sì ní tàn pẹ̀lú rẹ̀. Wọn á ní bọ́ọ̀dù ti jó. Ẹ yọ RAM tuntun ná. Bí ojú góòlù rẹ̀ bá dọ̀tí, írésà ọmọ iléèwé ń fọ̀ ọ́ mọ́ dáadáa.

Bí CPU bá wà ní 100%, tí "Speed" sì dúró sórí 0.79 GHz tí kò gòkè, ẹ̀rọ náà ń fi bíréèkì mú ara rẹ̀ ni. Ooru ló sábà ń fà á: eruku ti di ihò fáànù, páàsì tó ń gbé ooru láti ara CPU lọ sára bàbà ti gbẹ. Ẹ fọ́n eruku náà jáde, ṣùgbọ́n ẹ fi ìka di fáànù mú kó má baà yí kọjá agbára rẹ̀. Páàsì tuntun kò gbọ́dọ̀ ju hóró ìrẹsì kan lọ.

Ti Dell yàtọ̀, ó sì ti rán ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ lọ sí ibi ìsìnkú láìtọ́. Abẹ́rẹ́ tín-ín-rín kan wà láàárín ẹnu ṣájà Dell tó ń sọ fún ẹ̀rọ irú ṣájà tó jẹ́. Bí abẹ́rẹ́ náà bá ṣẹ́, tàbí bí ṣájà bá jẹ́ ayédèrú, ẹ̀rọ á kọ ọ́ sójú pé òun kò mọ ṣájà yìí, bátìrì kò ní gba iná, CPU á sì máa rìn ní ìwọ̀n tó kéré jù lọ. Windows ni wọ́n á máa bá wí, wọ́n á fọ́máàtì lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹ yá ṣájà Dell tòótọ́ lò fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Bí eré bá padà, ẹ ti mọ ẹlẹ́ṣẹ̀. Ètò kan wà tó ń jẹ́ ThrottleStop tó lè mú ẹ̀rọ gbàgbé bíréèkì náà bí ẹ bá yọ àmì kúrò níwájú "BD PROCHOT", ṣùgbọ́n ipa kan náà ni ìkìlọ̀ ooru láti ara àwọn ẹ̀yà mìíràn ń gbà. Ìgbà pàjáwìrì ni mo fi í sí, kò yẹ kó di àṣà.

Ọ̀rọ̀ Windows 10

Ẹ̀rọ kò kú lọ́jọ́ 14 oṣù Kẹwàá. Ohun tó dúró ni àtúnṣe ààbò. Windows 11 ń béèrè TPM 2.0, ìyẹn ẹ̀yà ààbò kan nínú ẹ̀rọ, àti, ní ti Intel, CPU ìran kẹjọ sókè. 840 G3 jẹ́ ìran kẹfà, kò wọlé bó ti wù kó yára tó. Microsoft ṣí ọ̀nà ESU, tí àtúnṣe ààbò á ṣì máa gbà wọlé, sílẹ̀ fún ẹni tó ń lò ó nílé títí di ọjọ́ 13 oṣù Kẹwàá ọdún 2026. Ẹ rí i pé ẹ wà lórí 22H2, ẹ̀dà tó kẹ́yìn nínú Windows 10, ẹ wọlé pẹ̀lú àkáǹtì Microsoft, kí ẹ lọ sí "Windows Update" kí ẹ wá "Enroll now". Ẹni tó bá jẹ́ kí Windows Backup máa gbé ètò ẹ̀rọ òun sórí íntánẹ́ẹ̀tì kì í san kọ́bọ̀. Ẹni tí kò bá fẹ́ bẹ́ẹ̀ lè san dọ́là 30.

Lẹ́yìn ọjọ́ yẹn, ìmọ̀ràn mi ni Linux Mint, ètò ọ̀fẹ́ tó ń rọ́pò Windows, irú tó ń jẹ́ Xfce, lórí ẹ̀rọ tó ní RAM 4GB sókè. Ẹ lè dán an wò láti orí fíláàṣì láìfọwọ́ kan ohun tó wà nínú ẹ̀rọ. Ẹ dán Wi-Fi, ohùn, àti ìtẹ̀wé wò kí ẹ tó fi sí i. Wi-Fi Broadcom a máa ṣe agídí, ṣùgbọ́n fóònù Android tí ẹ fi wáyà USB so mọ́ ọn á fún un ní íntánẹ́ẹ̀tì lójú ẹsẹ̀, ẹ ó sì gba ohun tó kù. Word àti Excel tí ẹ mọ̀ kò ní wọ inú rẹ̀. LibreOffice ń ṣí fáìlì wọn, ó sì tó fún lẹ́tà àti ìwé ìṣirò ṣọ́ọ̀bù. Ẹni tó ń gbé macro Excel ká, ìyẹn àṣẹ tí wọ́n kọ sínú fáìlì kó lè máa dá iṣẹ́ ṣe, kò gbọ́dọ̀ dé ibẹ̀. Ohun kan wà níbẹ̀ tí mo fẹ́ràn: lábẹ́ Nàìjíríà nínú àkójọ kíbọ́ọ̀dù, Yorùbá wà níbẹ̀ láìsí ẹni tó ń gba nǹkan kan sílẹ̀.

Ní ti àwọn tó ń fi ètò Rufus fipá ti Windows 11 wọlé sórí ẹ̀rọ tí kò gbà á, ó ń ṣiṣẹ́. Microsoft kàn sọ pé òun kò ṣèlérí àtúnṣe fún irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ni. Fún ẹ̀rọ tí ẹ fi ń wo fíìmù, kò burú. Fún èyí tí owó oṣù òṣìṣẹ́ wà lórí rẹ̀, mi ò ní bá yín dá sí i.

Ta ló ní ó ti gbó?

Ẹ jẹ́ ká ro ọ̀nà tí 840 G1 kan gbà dé ọjà kọ̀ǹpútà Ọtígbà ní Ìkẹjà. Ọ́fíìsì kan ní London tàbí Rotterdam ló kọ́kọ́ rà á. Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin, àdéhùn àtúnṣe rẹ̀ parí, iye rẹ̀ sì ti di òdo nínú ìwé oníṣirò owó wọn. Wọ́n kó o jáde pẹ̀lú ọgọ́rùn-ún bíi tirẹ̀ lọ́jọ́ kan náà, èyí tó dá ṣáṣá àti èyí tí bọ́tìnnì rẹ̀ ti jẹ. Ìwádìí kan tí ilé ẹ̀kọ́ gíga ti Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé gbé jáde lọ́dún 2018 sọ pé bíi tọ́ọ̀nù 60,000 ẹ̀rọ iná àti ẹ̀rọ ayárabíàṣá àlòkù ló ń gba èbúté Èkó wọlé lọ́dún kan. Ìwé ìṣirò ló pa púpọ̀ nínú wọn níbẹ̀. Àwa la jí wọn dìde, àwọn ọmọ wa sì fi wọ́n kàwé gboyè.

Ìdí nìyẹn tí gbólóhùn "ó ti gbó" fi ń dùn mí tí mo bá gbọ́ ọ lẹ́nu wa. A ti yá ẹjọ́ àwọn tó ń ṣírò owó lò, láìní ìwé ìṣirò wọn àti owó wọn. Ṣùgbọ́n mi ò dá gbogbo ẹ̀bi lé ẹni tó ń tún ẹ̀rọ ṣe. Àwa oníbàárà kì í sanwó wíwò. A ó san owó SSD, a ó san owó fọ́máàtì, ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá fi ogún ìṣẹ́jú wo ẹ̀rọ wa tó wá ní, "Ṣájà yín ni, ẹ lọ yá òmíràn wò," a ó ní kí ló ṣe? A ó dúpẹ́, a ó sì máa lọ. Ẹni tó mọ̀ pé wíwò kò mówó wá á wá nǹkan pààrọ̀ ni, tàbí kó ta òmíràn fún wa. Bí ẹ bá rí ẹni tó kọ́kọ́ ṣí Task Manager kó tó gbé sukudíráfà, ẹ sanwó ojú rẹ̀ fún un.

Èyí tó yẹ kí ẹ jẹ́ kó lọ

Àrùn là ń wò, a kì í wo ikú. Àwọn láptọ́ọ̀pù pẹlẹbẹ olówó pọ́ọ́kú kan wà, Celeron ìran N, RAM 2GB tàbí 4GB, eMMC 32GB tó jẹ́ ibi tí fáìlì ń gbé, tó jẹ́ pé orí bọ́ọ̀dù ni wọ́n jó gbogbo rẹ̀ mọ́. Kò sí ohun tí ẹ lè yọ, kò sí ohun tí ẹ lè fi kún un. Windows nìkan ń kún 32GB yẹn, àtúnṣe tó bá dé kò sì ní ríbi dúró sí. Ọjọ́ orí rẹ̀ lè kéré sí ti E6430, síbẹ̀ E6430 ni mo máa mú. Bátìrì tó wú tó ń gbé bọ́tìnnì sókè náà kò ṣe é fi falẹ̀: ẹ má lù ú, ẹ má gún un, ẹ yọ ọ́ kúrò lọ́jọ́ tí ẹ bá rí i.

Ní ti háàdì tí ẹ bá yọ, ẹ má tà á, ẹ má sì fi í ta ọrẹ, kí ẹ tó pa ohun tó wà lórí rẹ̀ rẹ́. Fáìlì tí ẹ "delete" àti dísìkì tí ẹ fi "Quick Format" ṣe ṣì wà níbẹ̀ fún ẹni tó bá mọ ọ̀nà; BVN yín, fọ́tò, ìwé ẹ̀rí ọmọ yín. Ẹ so ó mọ́ ẹ̀rọ mìíràn pẹ̀lú wáyà USB oníṣátà, ẹ ṣí diskpart, ètò àṣẹ dísìkì inú Windows, gẹ́gẹ́ bí alábòójútó ẹ̀rọ, ẹ tẹ "list disk", ẹ fi iye GB dá a mọ̀, ẹ yan nọ́ńbà rẹ̀ pẹ̀lú "select disk", kí ẹ wá tẹ "clean all". Kò ní béèrè bóyá ó dá yín lójú, nítorí náà ẹ wo nọ́ńbà náà lẹ́ẹ̀mejì. 500GB máa gba bíi wákàtí méjì, ẹ má fi iná tó ń ṣẹ́jú ṣe é. Èyí tí kò bá tàn mọ́ rárá, tí kò ṣe é pa rẹ́, òòlù ni tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ fi aṣọ tó nípọn wé e kí ẹ tó lù ú, torí gíláàsì ni wọ́n sábà fi ń ṣe àwo inú háàdì láptọ́ọ̀pù, ó sì ń fọ́ sí wẹ́wẹ́.